Okùn kan, onírúurú ìfẹ́: ilé íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Kétu

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lọ sí ilé íntánẹ́ẹ̀tì kékeré kan nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń gba 200 fáráńkì fún wákàtí kan. Kò yára ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo fi ń yìn ín ni bí onílé ṣe to okùn íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń rà, tí àwọn tí ìfẹ́ wọn kò bára mu fi ń lò ó láìjà.

Àwọn ìyá alágbàdo ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹbí wọn ní Ìmẹ̀kọ, àwọn ọ̀dọ́ ń wo bọ́ọ̀lù, àwọn òbí kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn dé ìdí tẹ́tẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, mo rí ìyá kan tó gbé fóònù rẹ̀ sókè, tí àmì róbótó kan ń yí lórí ohùn tó fẹ́ fi ránṣẹ́, nígbà tí bọ́ọ̀lù ọmọkùnrin tó jókòó tì í ń lọ geere. Onílé kò lé ọmọ náà, kò sì fi òfin de bọ́ọ̀lù. Ó to ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó máa pín okùn náà lọ́gbọọgba fún gbogbo ẹni tó bá wà lórí rẹ̀. Bí ó bá ku ẹnì kan, òun ló ni gbogbo rẹ̀, bí ẹlòmíràn bá sì dé, ìpín rẹ̀ á dín kù.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ náà kò ní láti mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wò kó tó lè pín in. Èyí yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí ìjọba Benin fẹ́ gba fáráńkì 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Ọ̀wọ́n owó náà dun àwọn ènìyàn gidigidi, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé, kí wọ́n tó lè gbà á, ẹni tó ń bá wa gbé dátà gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹrù wa wò. Àwọn ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì fagi lé e nínú oṣù náà.

Ní ti tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Ẹni tó bá fi ti ọmọdé wọlé, ẹ̀rọ kò ní júwe ọ̀nà ojú òpó tẹ́tẹ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tí ìdènà yìí kàn.

Àbùkù méjì ni mo rí. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni onílé ń ra okùn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà bí ti wọn bá já, gbogbo wa la jókòó. Okùn kejì yóò ràn án lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ ní lè gbà wá ní irú ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, tí wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Èkejì ká mi lára jù: onílé ń tọ́jú orúkọ ojú òpó tí a bá lọ, ó ní nítorí bí ọlọ́pàá bá béèrè. Mo gbà pé ó ní láti dáàbò bo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó kọ ọ́ sí pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí iye ọjọ́ tí yóò fi pa á mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá a sọ ọ́, ó sì ṣèlérí pé òun yóò kọ ọ́ sára ògiri, lábẹ́ iye owó.