Màmá ayàwòrán ilé tó bá wa ṣiṣẹ́ ní Akóbò

Látìgbà tí a ti kó wọ ilé wa ní Akóbò n'Íbàdàn làwọn èèyàn ti ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra pílánù ọlọ́wọ́ pọ́ọ́kú, tí mo fi lọ bá Màmá. Owó wọn ga lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún fẹ́ kọ́lé lọ́la, ọ̀dọ̀ wọn náà ni màá padà sí.

Màmá ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Institute of Architects ni wọ́n, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Nàìjíríà tó ti wà láti 1960, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé ARCON, àjọ tí òfin 1969 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀. Wọ́n ti ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ìpínlẹ̀ rí. Títí dòní làwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ náà ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́fíìsì wọn. Nígbà tí Mobolaji Adeniyi di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ náà ní 2023, inú Màmá dùn bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n dìbò fún.

Kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún èmi tí mò ń sanwó? Mo rí i lọ́jọ́ tí wọ́n ń de írọ̀nù òpó. Ẹńjìníà kọ mílímítà 16 sínú ìwé, 12 ni kọngílá rà. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n wọ inú kòtò, wọ́n fi téèpù wọn írọ̀nù náà lójú gbogbo wa, wọ́n ní kí wọ́n tú u. Kọngílá ní ilé alájà kan ṣoṣo ni, kò le tó bẹ́ẹ̀. Màmá ò dá a lóhùn, èmi ni wọ́n kọjú sí: "Baba Ìbejì, òǹtẹ̀ mi ló wà lórí ìwé yìí. Bí ilé yín bá wó, èmi ni wọ́n máa wá bi." Wọ́n dárúkọ ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Ìkòyí ní 2021, tó pa èèyàn tó lé ní ogójì. Wọ́n tú u.

Ilé ọ̀hún ńkọ́? Kí wọ́n tó fa ilà kankan, wọ́n wá sórí ilẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n tún padà wá nírọ̀lẹ́ láti wo ibi tí oòrùn ń gbà wọ̀. Àtẹ̀gùn àti yàrá ìkẹ́rùsí ni wọ́n kó sápá ìwọ̀-oòrùn, kí ooru má bàa bá wa ní yàrá tí à ń sùn. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé lójú méjì. Lóṣù kẹta tí ooru ń mú, bí NEPA bá múná lọ, a ṣì ń rí oorun sùn. Ìyàwó mi sọ pé òun fẹ́ ibi tí òun á ti máa gúnyán, ni wọ́n bá ya ilé ìdáná mìíràn sẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n da kọnkéré tó nípọn síbẹ̀ kí odó má baà fọ́ táìlì.

Ibi tó kù sí ni àkókò. Ìwé wa pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣèlérí lọ, torí ìpàdé ẹgbẹ́ ń gbé wọn lọ sí Àbújá lemọ́lemọ́, wọn kì í sì í gbé fóònù lọ́jọ́ ìpàdé. Èyí dùn mí, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ́fíìsì wọn tì mí, ìyẹn sì ń dá mi lóhùn kíákíá.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gba owó wọn: lẹ́yìn àwòrán àkọ́kọ́, nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí i, àti bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹni tó ń kánjú kó wọlé kí ọdún tó parí, ẹ má lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nọ́ńbà ARCON rẹ̀, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìyàwó mi ti ní ilẹ̀ kékeré kan ní Ìséyìn tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí, Màmá náà ló sì ti pè.