Kings Dominion, Busch Gardens tàbí Hersheypark: ẹ wo ẹni tó ni ọgbà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Àbújá, láti Gwarinpa dé Lugbe, ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Maryland, Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ bí ìsinmi gígùn bá dé. Six Flags America, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lẹ́bàá Bowie, ló ti rọrùn fún wọn jù, àmọ́ wọ́n tì í pa ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Kò tíì pé ọdún kan àbọ̀ nígbà náà tí Six Flags àti Cedar Fair, iléeṣẹ́ ńlá méjì tó ní ọgbà ìgbafẹ́, da òwò wọn pọ̀. Iléeṣẹ́ náà ní ọgbà ọ̀hún kò bá ètò àwọn mu mọ́, ilẹ̀ rẹ̀ làwọn fẹ́ tà.

Torí náà, kí ẹ tó béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wádìí ẹni tó ni ọgbà àti gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Mẹ́ta yìí ni mo fi wéra, torí pé ọkọ̀ lè gbé yín débẹ̀ láàárọ̀ kó sì dá yín padà lálẹ́.

Kings Dominion, Virginia

Ọdún 1975 ni wọ́n ṣí i. Lọ́dún 2006, Cedar Fair san bílíọ̀nù 1.24 dọ́là fún ọgbà márùn-ún tó ń jẹ́ orúkọ Paramount, iléeṣẹ́ fíìmù, Kings Dominion sì wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ orúkọ fíìmù kúrò lára àwọn ohun ìgùn ibẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni ìdàpọ̀ Six Flags dé: ọgbà 42 lábẹ́ ọ̀gá kan, pẹ̀lú gbèsè tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 dọ́là. Ẹni tó jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kì í fi ojú àánú wo ohun tí àtúnṣe rẹ̀ wọ́n. Anaconda, ohun ìgùn tí àwọn ọmọ fẹ́ràn ní Kings Dominion, lọ lọ́dún 2024. Kingda Ka ní New Jersey, róólà-kósítà tó ga jù láyé nígbà náà, ni wọ́n fi ohun abúgbàù wó lulẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2025.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dáa náà. Wọ́n ṣí ohun ìgùn tuntun, Rapterra, síbẹ̀ lọ́dún 2025, ẹ sì lè fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì yín kó lè wọ àwọn ọgbà wọn yòókù. Ẹni tó tún ní ẹbí ní Atlanta tàbí Texas máa jèrè èyí gan-an.

Busch Gardens, Williamsburg

Anheuser-Busch tó ń pọn bíà ló kọ́ ọ, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń bu bíà fún àgbàlagbà tó bá wọlé. Lọ́dún 2008, InBev, iléeṣẹ́ bíà mìíràn, ra iléeṣẹ́ bíà náà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 52 dọ́là. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni ọgbà ṣe bọ́ sọ́wọ́ wọn. Gbèsè wà nílẹ̀, wọ́n sì ta ọgbà fún Blackstone, iléeṣẹ́ ìdókòwò, lọ́dún 2009. Bíà ọ̀fẹ́ tán. Àmọ́ òdòdó àti igi ibẹ̀ ṣì ń wu ojú. United Parks & Resorts ló ni ín báyìí.

Hersheypark, Pennsylvania

Milton Hershey, oníṣòwò ṣokoléètì, ṣí i fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1906. Àpò ìfowópamọ́ tó ń bọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìní ló ni ín, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà ìpín. Nígbà tí àwọn alábòójútó àpò náà fẹ́ ta iléeṣẹ́ ṣokoléètì Hershey lọ́dún 2002, ará ìlú fárí gá, àwọn alábòójútó náà sì jáwọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò ràn yín lọ́wọ́ níbòmíì.

Àwa ará Àbújá mọ̀ pé orúkọ lè yí padà kí ọgbà má parẹ́: Wonderland tó wà ní Kukwaba ti di Magicland, ọ̀pọ̀ àgbà ò sì tíì jáwọ́ nínú orúkọ àtijọ́. Kí ọgbà parẹ́ pátápátá ni mo ń bẹ̀rù fún yín.

Fún ọmọ kéékèèké, Hersheypark ni mo yàn, pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Fún àwọn ọ̀dọ́ tó máa lo ìsinmi gígùn, ẹ mú Kings Dominion, àmọ́ ẹ ra ti ọdún kan péré, kì í ṣe èyí tó máa ń yọ owó lóṣooṣù. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ owó ìdápadà sí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé níbẹ̀ fi káàdì tirẹ̀ rà á.