Àwọn àwo orin tí mò ń gbọ́ lọ́wọ́: láti Lomé dé Bamako, láti New York dé Òṣogbo

Tó bá jẹ́ pé àwo kan ṣoṣo ni owó yín ká nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, ẹ ra Juju Music ti King Sunny Adé. Ọdún 1982 ni iléeṣẹ́ Island gbé e jáde, òun náà ló ṣì ń ké nínú ọkọ̀ mi àti ní pálọ̀ mi lásìkò yìí. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e: ti Miles Davis, ti àwọn àgbà olórin Mali méjì, ti àwọn ìbejì kan tí bàbá wọn jẹ́ ará Kúbà, àti ti Haruna Ishola tiwa-n-tiwa. Orin wọn ò jọra. Àmọ́ ohun kan náà ni mò ń wá nínú gbogbo wọn: kí ẹnì kan lé, kí ẹlòmíràn gbè, kí àyè sì wà láàárín méjèèjì. Àwo tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin máa ń tètè sú mi, bó ti wù kí ijó inú rẹ̀ dùn tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Sunny. Àwọn tó dàgbà sídìí àwo tó ń ṣe fún wa nílé mọ̀ pé ojú àwo kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, á bọ́ sórí oríkì olówó kan, á fi ìlù gba ibẹ̀ lọ sórí orin mìíràn, kò ní sí ìdákẹ́ títí abẹ́rẹ́ á fi dé àárín. Nígbà tí àwọn Island fẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣe kòkárí iṣẹ́ náà, pín in sí orin méje tó dá dúró. Lomé, ní orílẹ̀-èdè Togo, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Mo mọ àwọn àgbà olólùfẹ́ jùjú tí inú wọn ò dùn sí pípín yẹn títí dòní. Wọ́n ní orin ariya kì í tètè tán. Mo gbà pé òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, ohun tí pípín yẹn ṣe fún mi ni pé ó jẹ́ kí n gbọ́ olúkúlùkù àwọn onílù àti onígìtá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí mi ò lè sọ nípa àwọn àwo gígùn yẹn, nítorí ijó ni èèyàn máa ń bá wọn jó, kì í jókòó tẹ́tí.

Ẹ fi íápíìsì tó dára gbọ́ orin àkọ́kọ́, Ja Funmi, níbi tó ti ń bẹ orí rẹ̀ pé kó jà fún òun. Gìtá kan ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láìyẹsẹ̀, òmíràn ń bu ẹnu lù ú, gángan ń sọ tirẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ wá ṣọ́ gìtá tí Demola Adepoju ń ta. Pedal steel ni wọ́n ń pè é, orin àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà ló ti wọ́pọ̀. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni, wọ́n á fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń yọ̀ láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀ láìfẹsẹ̀ kọ, gan-an bí ohùn gángan ṣe ń ṣe nígbà tí onílù bá fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra tó sì dẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí gìtá àjèjì yẹn kò fi jọ àjèjì nínú jùjú. Èdè wa náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Irin yẹn ń bá a lọ. Mo máa ń dá ibẹ̀ padà ṣáá.

Mo Beru Agba kúrú, ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi han ẹni tó bá sọ pé òun ò mọ jùjú. 365 Is My Number sì jẹ́ ibi tí àwọn tó po ohùn pọ̀ ti fi ọgbọ́n rege Jàmáíkà ṣeré: ìlù á dún, á tún máa ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n padà láti ọ̀nà jíjìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi kan tó jẹ́ alájọgbé wa ní ariwo ẹ̀rọ ni. Àléébù kan tí mo rí ni pé sípíkà fóònù ò lè gbé àwo yìí rárá. Béèsì á sọnù, àkúbà á sọnù, ohun tó máa kù á tín-ín-rín. Ẹ má fi í ṣe ìdájọ́ Sunny. Tí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, Synchro System ti ọdún 1983 ló kàn, òun ni wọ́n sì fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé lẹ́yìn Sunny, Kind of Blue ti Miles Davis, afunfèrè jazz ará Amẹ́ríkà, ni mo máa ń fi sí i. Ní New York ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1959. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, ọ̀kan nínú oṣù kẹta, èkejì nínú oṣù kẹrin, nínú sítúdíò kan tó ti jẹ́ ilé ìjọsìn tẹ́lẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sá fún jazz. Wọ́n ní kò lọ́rọ̀ nínú, àwọn ò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ fún So What, tó jẹ́ orin àkọ́kọ́, ní ìṣẹ́jú méjì péré. Dùùrù Bill Evans àti béèsì Paul Chambers á kọ́kọ́ máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kiri. Lẹ́yìn náà ni béèsì á lé gbólóhùn kúkúrú kan, á dákẹ́, dùùrù á sì fi ohùn méjì péré gbè é. Béèsì á tún lé, wọ́n á tún gbè. Nígbà tó bá yá, àwọn afunfèrè á bá dùùrù gba ègbè náà, Jimmy Cobb á lu aro rẹ̀ gbàì, fèrè Miles á sì wọlé. Béèsì, tí a kì í sábà kà sí nínú orin, ló ń lé. Àwọn ọ̀gá ló ń gbè fún un. Ẹni tó bá ti gbọ́ àpàlà rí mọ ètò yìí dáadáa kó tó débẹ̀.

John Coltrane àti Cannonball Adderley ni wọ́n jọ ń fọn saxophone lórí rẹ̀, ìwà wọn ò sì dọ́gba. Coltrane ń túlẹ̀ wá ìdí ọ̀rọ̀. Cannonball ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Blue in Green ni mi ò lè gbọ́ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Orin alẹ́ ni.

Ẹ ṣọ́ra nípa ẹ̀dà tí ẹ máa rà o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò sáré tó bó ṣe yẹ, nítorí náà orin mẹ́ta tó wà ní ojú kìíní ń yára díẹ̀ lórí àwọn ẹ̀dà àtijọ́, ohùn wọn sì ga ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mú gìtá tàbí dùùrù bá wọn ṣe é nílé á rí i pé kò bá a mu. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni wọ́n tún un ṣe. Ẹ wá ẹ̀dà ọdún 1997 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀.

In the Heart of the Moon, ti Ali Farka Touré àti Toumani Diabaté, ọdún 2005, ni mo máa ń gbọ́ láàárọ̀ kí ilé tó jí. Yàrá kan ní Hôtel Mandé ní Bamako, létí odò Ọya, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Toumani jẹ́ ọmọ ìdílé jẹ́lì, irú àwọn tí àwa ń pè ní arọ́kin. Kora ló ń ta, ohun èlò olókùn mọ́kànlélógún tí wọ́n fi ìlàjì igbá ńlá àti awọ màlúù ṣe. Ali Farka ń ta gìtá, ará Niafunké sì ni, àgbẹ̀ ni, wọ́n tún fi í ṣe olórí ìlú ibẹ̀. Nínú Debe, orin àkọ́kọ́, gìtá Ali kàn ń yí gbólóhùn kan ṣoṣo po ni, kò fẹ́ gbéga. Kora wá ń tú jáde lórí rẹ̀ wìrìwìrì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, gìtá ò sì tẹ̀ lé e kúrò lójú kan. Àgbà ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ onígìtá tí mo mọ̀ ni ìka wọn á ti máa yún wọn láti fi ohun tí wọ́n mọ̀ hàn. Ali kú ní oṣù kẹta ọdún 2006, kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn tí àwo yìí gba Grammy. Toumani tẹ̀ lé e lọ́dún 2024. Ry Cooder, onígìtá ará Amẹ́ríkà, bá wọn fi nǹkan díẹ̀ sí àwọn orin kan, ṣùgbọ́n èmi ò rò pé orin náà nílò ẹnìkẹta. Bó bá jẹ́ ijó lẹ fẹ́ jó, ẹ fi àwo yìí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọkàn yín ń dàrú, ẹ gbé e sí i.

Ibeyi ni orúkọ àwo àkọ́kọ́ tí Lisa-Kaindé àti Naomi Díaz ṣe, iléeṣẹ́ XL ló gbé e jáde lọ́dún 2015. Taye àti Kẹ́hìndé ni wọ́n, Paris ni wọ́n ti dàgbà. Anga Díaz, onílù Kúbà tó bá ẹgbẹ́ olórin Buena Vista Social Club ṣeré, ni bàbá wọn; ọmọdé ni wọ́n nígbà tó kú lọ́dún 2006. Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí fóònù da ètò àwọn orin inú àwo yìí rú. Eleggua ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí Ẹlẹ́gbá ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí kó lè ṣínà. Ọya tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó kàn sí orin àwọn òkú ilé wọn. Ẹni tó bá fò sórí orin River nìkan ti wọlé láìkí onílé. Naomi ń lu bàtá àti àpótí tí wọ́n ń pè ní cajón, Lisa ń tẹ dùùrù, ìyókù ò pọ̀, àyè tí mo ń sọ sì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Yorùbá tí wọ́n fi ń kọrin ni ti àwọn ará Kúbà, àwọn babańlá tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀. Àmì ohùn ti sọnù nínú rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, etí ọmọ Yorùbá á máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Ẹ ní sùúrù. Níparí River, nígbà tí wọ́n bá bọ́ sórí orin Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ kan á yọ, òmíràn á yọ, ara mi máa ń ta gìrì. Mama Says, tó dá lórí ìyá tí ọkọ rẹ̀ kú, ni mo fi ṣe ààyò. Apá ìkẹyìn àwo náà ni mi ò fi gbogbo ara gbà: ìlù àti dùùrù ti ń jọra jù níbẹ̀, orin méjì ì bá ti jáde kúrò kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ó ku Haruna Ishola, bàbá wa ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Oroki Social Club, ọdún 1971, ni mò ń sọ. Ẹgbẹ́ fàájì kan ní Òṣogbo ló fi àwo náà kí. Kò sí gìtá níbẹ̀: agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà, agogo, gángan, àti ohùn ọkùnrin kan tí kì í kánjú. Á lé, á dúró, àwọn elégbè á gbà á, á jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ pátápátá kó tó tún ẹnu yà. Agídìgbo ni ẹ fi etí sí. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ béèsì, orí ìró rẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù jókòó lé.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀dà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ èyí tí ẹnì kan kó láti ara rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti gbó, ó ń ta pápápá bí epo gbígbóná, agídìgbo ò sì jáde dáadáa. Èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ ariwo rẹ̀ kúrò débi pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà bá a lọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù gidi tó ṣì mọ́ ni mò ń wá báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ẹni tó ń tà á ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún mi.