Òòyì oṣù méje, ìtọ́jú ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Gbogbo oníbàárà tó bá gbọ́ pé ara mi ti yá ló máa ń béèrè òògùn tí mo lò. Kò sí òògùn. Ibi mẹ́rin ni mo gbé òòyì mi lọ kó tó lọ, àwọn ibi náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ohun tí wọ́n ṣe fún mi, àti ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, mo gbójú sókè kí n lè mú ìdì aṣọ-òkè kan lórí pẹpẹ òkè pátápátá ní ṣọ́ọ̀bù, ni ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kì í ṣe pé ojú mi ṣú o. Ògiri gan-an ló ń sáré lọ sápá kan bíi fáànù tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí. Mo rọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ iṣẹ́ mi pariwo, "Àǹtí, kí ló dé?" Kí n tó rí ẹnu dá a lóhùn, ó ti lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Èébì ló kù tó ń gbé mi.

Lóru ọjọ́ yẹn, mo yí sápá ọ̀tún lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún dé. Bí oorun ṣe di ogun nìyẹn. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo ń tò léra, mo ń sùn bí ẹni tó jókòó. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ irun fún mi, tí wọ́n ní kí n fi orí lélẹ̀ sẹ́yìn, mo máa ń sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kẹ́mísì àdúgbò ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Ó ní ibà ni. Láàárín oṣù méjì, mo lo òògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ara mi ò gbóná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò bínú sí i. Ta ló rán mi?

Ibi kejì ló dùn mí. Ilé ìwòsàn aládàáni ni, ó mọ́ tónítóní, AC ń fẹ́, nọ́ọ̀sì ń kí èèyàn bí ẹni pé ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù mi ga díẹ̀, ni wọ́n bá gún mi ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n wọn BP mi lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ tí mi ò sùn rárá, wọ́n sì fún mi ní òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òògùn yẹn ló wá fi òmíràn kún un: bí mo bá dìde dúró, ojú mi á ṣú, ẹsẹ̀ mi á fúyẹ́. Òòyì ń kọ́ mi ní ìdùbúlẹ̀, ojú ń ṣú mi ní ìdìde. Nígbà tí mo tún padà lọ, wọ́n kọ MRI orí, ìyẹn àwòrán inú orí, fún mi. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń yà á, mo gbọ́ iye rẹ̀, mo wá bẹ́ǹṣì jókòó lé, mo sì wọ Máíkírà padà sílé. Nígbà yẹn, ₦94,000 ti kúrò lọ́wọ́ mi. Jálẹ̀ gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé, "Ìgbà wo ló máa ń kọ́ yín?"

Ìyá mi ní tiwọn ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n mú mi lọ bá wòlíì. Wòlíì ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbójú sókè wo ọ̀run. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ni ìjọ gba á pé ẹ̀mí ti ń jáde.

Oníbàárà mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló tú àṣírí. Mo ń wọn bùbá wọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú téèpù tó jábọ́, mo sì ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Wọ́n bi mí, "Ṣé bẹ́ ẹ bá ń yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń kọ́ yín?" Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n ní kí n wá ẹ̀ka tó ń rí sí etí, imú àti ọ̀fun lọ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dáa níbẹ̀ ná. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo dé, nọ́ńbà 31 ni mo gbà. Wọ́n wá fáìlì mi tì, wọ́n ní kí n tún káàdì gbà. Aago kan ọ̀sán kọjá kí n tó wọlé. Kò sí ibi téèyàn lè fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ olóòyì ló pọ̀ nínú wa.

Ṣùgbọ́n dókítà yẹn! Ọmọbìnrin kékeré ni, ó sì bi mí ní ìbéèrè tó tó ogún. Ṣé ìṣẹ́jú àáyá ló ń lò ni, àbí wákàtí? Ṣé etí mi ń hó? Ṣé mo ti fi orí lu nǹkan rí? Ṣé ẹnu mi wọ́, àbí apá kan rọ, àbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mi lẹ́nu? Ó ní bí ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ̀yìn yẹn bá bá òòyì rìn, pàjáwìrì ni, kí èèyàn má dúró de kílíníìkì. Wọ́n fi mí sínú yàrá kékeré kan láti dán ìgbọ́ràn mi wò. Etí mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ló bá ní kò jọ àìsàn etí tí wọ́n ń pè ní Ménière, torí ìyẹn máa ń dín ìgbọ́ràn kù.

Ó wá ní kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí n na ẹsẹ̀. Ó yí orí mi díẹ̀ sápá ọ̀tún. "Mà, mo máa dá yín dùbúlẹ̀ kíákíá. Ó máa kọ́ yín o. Ẹ má dijú, ojú yín gan-an ni mo fẹ́ wò." Orí mi rọ̀ sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, lẹ́yìn náà òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo fi èékánná gbá a lápá mú. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán, mà. Mo ti rí i." Ó ti fi fóònù mi ya ojú mi: ẹyinjú méjèèjì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, wọ́n ń yí bí ẹni ń wé òwú. Àwọn dókítà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, Dix àti Hallpike, ló ṣàlàyé àyẹ̀wò yìí ní 1952. Kò ná ju ọwọ́ méjì àti bẹ́ẹ̀dì lọ.

Bó ṣe yé mi rèé. Nínú etí lọ́hùn-ún, òkúta wínníwínní wà tó ń jẹ́ kí ara mọ òkè àti ilẹ̀. Tèmi kan já, ó kó sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò róbótó mẹ́ta tí omi wà nínú wọn. Bí mo bá ti yí orí, á máa ti omi yẹn kiri, etí á sọ fún ọpọlọ pé a ń yí, ojú á ní irọ́ ni. BPPV ni wọ́n ń pè é. Ó lè dé láìnídìí, pàápàá béèyàn bá ń dàgbà.

Ibẹ̀ náà ló ti wò ó. Ó fi orí mi sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ kí n kọjú sílẹ̀, ó wá gbé mi jókòó. Ipò kọ̀ọ̀kan, ó ń wo aago. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Epley ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà John Epley ti ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1992. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àtìgbà tí mo gba káàdì títí dé àyẹ̀wò etí, ₦18,500 ni mo san. Ó ní kí n máa wọn BP láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó rí ìwé tí mo kọ ọ́ sí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n dá òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo yí sápá ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan.

Mi ò lè fún un ní máàkì tó pé. Òòyì náà padà wá lẹ́ẹ̀kan lásìkò ọyẹ́, mo tún lọ tò láti aago mẹ́fà. Dókítà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ó lè padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣe é, ó sì tún lọ. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú oúnjẹ dání, ẹ mú ẹni tó máa bá yín padà, torí èébì lè gbé yín. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ipò tí orí yín wà nígbà tó kọ́ yín, àti iye ìṣẹ́jú tó lò.

Ọmọ iṣẹ́ mi ò tíì gbà gbọ́. Bí mo bá ti gbójú sókè wo pẹpẹ yẹn báyìí, á gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, á máa wò mí.