Rédíò Ham fún Ọkọ̀, Èyí tí Ń Kéde Ibi tí Ọkọ̀ Wà: Ohun tí Mo Rí Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́ta

Ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Maryland, láàárín Hancock àti Cumberland, títì I-68 a máa gun òkè, a tún máa sọ̀ kalẹ̀, a tún máa gun òkè mìíràn. Àwọn ibì kan wà láàárín àwọn òkè náà tí fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Iṣẹ́ mi a máa gbé mi gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, títí kan àkókò yìnyín, ìyàwó mi kì í sì í lè fojú kan oorun títí n óò fi wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá rédíò ham, ìyẹn rédíò tí àwọn aládàáni tí ó gba ìwé àṣẹ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èyí tí a lè dè mọ́ inú ọkọ̀, tí yóò máa gba ibi tí ọkọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì GPS, tí yóò sì máa kéde rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Rédíò méjì ni mo ti lò láàárín àkókò náà, mo sì ti bá àwọn ọ̀rẹ́ tí ń lo irú mìíràn rìnrìn àjò, nítorí náà mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń múra láti ra tirẹ̀.

Ètò tí ń gbé ìròyìn náà kiri ni à ń pè ní APRS. Bob Bruninga, tí àmì ìpè rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí ìjọba fún un lórí afẹ́fẹ́, jẹ́ WB4APR, ni ó dá a sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní Annapolis, ní ìpínlẹ̀ Maryland yìí kan náà, ni ó ti ṣiṣẹ́, ó sì di olóògbé ní ọdún 2022. Rédíò inú ọkọ̀ a máa so ibi tí ó wà pọ̀ mọ́ àmì ìpè ẹni tí ó ni ín, a sọ wọ́n di ìró kúkurú kan tí kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, a sì sọ ìró náà sí afẹ́fẹ́ lórí 144.390 MHz, ìkànnì kan ṣoṣo tí àwọn tí ń lo APRS ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ ń pín lò. Ní Yúróòpù, 144.800 ni. Àwọn oníham ti gbé ẹ̀rọ tí à ń pè ní dìjípítà sí orí òkè àti ilé gíga káàkiri; iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó gbọ́ ìró náà, kí ó sì tún un sọ, kí ó lè rìn jìnnà. Bí ó bá dé etí ẹni tí ó ti so rédíò rẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó di ohun tí gbogbo ayé lè rí. Ìyàwó mi kò ní ìwé àṣẹ rédíò, kò sì nílò rẹ̀ láti wo àwòrán. Aprs.fi ni ó ń ṣí lórí fóònù rẹ̀, ó ń tẹ àmì ìpè mi, ó sì ń rí ọkọ̀ kékeré kan tí ń rìn lójú títì lórí àwòrán ilẹ̀. A kì í san kọ́bọ̀ lóṣù fún un.

Ẹni tí ń tajà yóò kọ́kọ́ yin GPS inú rédíò náà, ṣùgbọ́n GPS kò lè ran ẹni lọ́wọ́ láti yan ọ̀kan, nítorí pé gbogbo rédíò tí n óò dárúkọ níhìn-ín ni ó ń lò ó, gbogbo wọn ni ó sì ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà dáadáa tó fún awakọ̀. Ohun méjì ni mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò.

Ohun kìíní ni èdè tí rédíò ń sọ. Icom ID-5100 jẹ́ rédíò tí ó wu ojú: ojú rẹ̀ fẹ̀, ìka ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, GPS sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá bèèrè yóò rò pé kò sí ohun tí ó kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni D-STAR, èdè díjítà tirẹ̀, ni ó fi ń kéde ibi tí ó wà. Kì í sọ ìró APRS tí àwọn dìjípítà orí 144.390 ń gbọ́. Bí rípítà D-STAR, ìyẹn ẹ̀rọ orí òkè tí ń gba ọ̀rọ̀ àwọn oníham tí ó sì ń tún un sọ kí ó lè rìn jìnnà, bá wà nítòsí, tí ó sì so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ìròyìn náà yóò dé orí àwòrán ilẹ̀. Bí kò bá sí, ìkéde náà kò ní ẹni tí yóò gbé e. Fún ẹni tí ń gbé ní ìlú ńlá tí D-STAR ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, rédíò dáadáa ni. Fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ gba inú òkè, tí ó sì jẹ́ pé nítorí inú òkè gan-an ni ó ṣe ń wá rédíò, n kò lè sọ pé kí ó rà á.

Ohun kejì ni iye etí tí rédíò ní. Mo ń pè é ní etí nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí: àwọn rédíò kan lè gbọ́ ìkànnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mìíràn kò lè gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. Elétí kan ni rédíò tí mo kọ́kọ́ rà, nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀, ẹni tí ó sì tà á fún mi fi dá mi lójú pé kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí mo bá gbé e sí 144.390, kì í gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lórí rípítà. Bí mo bá gbé e sí rípítà, n kì í rí ìròyìn ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ́ bóyá ìkànnì APRS ṣófo kí ó tó ju tirẹ̀ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ìjàǹbá dí títì náà pa, àwọn oníham ń kìlọ̀ fún ara wọn lórí rípítà pé kí a yà ṣáájú Sideling Hill. Rédíò mi wà lórí APRS. Wákàtí méjì àbọ̀ ni mo fi jókòó sínú òtútù ní ibi tí ìbá ti ṣeé ṣe fún mi láti yà. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé n kò ní í lo rédíò elétí kan nínú ọkọ̀ fún iṣẹ́ yìí mọ́, n kò sì ní í gba ọ̀rẹ́ kankan níyànjú láti rà á. Yaesu FTM-200DR wà lára àwọn elétí kan wọ̀nyí. Kí ẹni tí yóò rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó sanwó.

Nínú àwọn elétí méjì, Kenwood TM-D710G ni mo fẹ́ràn jù lọ, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́ díẹ̀ nítorí pé Kenwood kò ṣe é mọ́. Gbogbo ìmọ̀ APRS ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ń rán ìròyìn, ó ń gbà á, ó ń fi bí ẹlòmíràn ṣe jìnnà sí ọ hàn àti apá ibi tí ó wà, ó ń gba lẹ́tà kéékèèké tí àwọn oníham ń kọ sí ara wọn, òun fúnra rẹ̀ sì lè ṣe iṣẹ́ dìjípítà. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́: bí ìjì bá wó dìjípítà àdúgbò lulẹ̀, ẹni tí ó ní TM-D710G lè wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí orí òkè, kí ó dúró síbẹ̀, kí ó sì máa tún ìròyìn àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ sọ. Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀ púpọ̀ bí ti àwọn tuntun, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹni tí ó bá rí àlòkù rẹ̀ rà, kí ó ní kí wọ́n tan án níṣojú òun, kí ó dúró títí GPS yóò fi rí ibi tí ó wà, kí ó sì wo àmì ìpè ẹni tí ń tà á lórí aprs.fi bóyá ìkéde náà dé ibẹ̀ lóòótọ́.

Èyí tí mo ń lò báyìí ni Yaesu FTM-300DR. Wọ́ọ̀tì 50 ni agbára rẹ̀, GPS wà nínú orí rẹ̀, ìyẹn apá kékeré tí a ń wò tí a sì ń tẹ̀, etí rẹ̀ sì jẹ́ méjì, tí ó lè gbọ́ ìkànnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bí méjèèjì bá wà ní ìpele ìgbì kan náà. Ní etí kan, APRS ni mo fi sílẹ̀, n kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ní etí kejì, rípítà ìlú tí mo bá wà ni. Nítorí pé orí rẹ̀ ṣeé yà kúrò lára ara rẹ̀, abẹ́ àga ni mo gbé ara rẹ̀ sí, mo sì fi orí rẹ̀ sí iwájú níbi tí ojú ọ̀run ti hàn sí i gba inú gíláàsì. Ìka mi nípọn díẹ̀ fún àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ tí ó kéré, orúkọ títẹ̀ sínú rẹ̀ sì ń gba sùúrù púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ojú tí a ń fi ìka tẹ̀, kí ó wo FTM-500DR ti ilé iṣẹ́ kan náà, tàbí kí ó wá àlòkù FTM-400XDR, èyí tí ojú rẹ̀ tóbi jù wọ́n lọ. Ní ti APRS, kò sí ohun tí mo fi ń jowú àwọn tí ó ní wọn.

AnyTone AT-D578UV wà fún àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí DMR, èdè díjítà mìíràn, ó sì lè sọ ìró APRS gidi jáde. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣètò rẹ̀, ètò náà sì gùn. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ní ọ̀kan fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n oníkọ̀ǹpútà ni ọ̀rẹ́ mi.

Owó rédíò nìkan kọ́ ni ẹni tí ń ṣe ìṣirò gbọ́dọ̀ kà. Rédíò oníwọ́ọ̀tì 50 lè fa bí áńpìà 10 sí 12 nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, wáyà ihò sìgá inú ọkọ̀ kò sì yẹ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Orí bátìrì ni kí a ti fa wáyà rẹ̀ wá, wáyà tí ó nípọn, kí fíúùsì sì wà nítòsí bátìrì kí ewu iná má bàa wà bí wáyà bá bó. Bí ẹnì kan kò bá mọ iṣẹ́ náà, kí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún rẹ́wáyà tí ó mọ̀ ọ́n. Áńténà ni ó tún ṣe pàtàkì jù. Èyí tí ó rọrùn jù, tí gígùn rẹ̀ kò ju bí ìdajì mítà lọ, bí a bá gbé e sí àárín òrùlé ọkọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí ó gùn tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ búùtù lọ, nítorí irin òrùlé náà jẹ́ apá kan áńténà. Áńténà olóòfà, tí ń lẹ̀ mọ́ irin òrùlé, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, mo jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí òrùlé, ó dùn mí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà ṣètò ìkéde náà ni ó ń fi ẹni tí ó mọ̀ hàn. Àṣà ni pé kí ọkọ̀ fi 9 sí ẹ̀yìn àmì ìpè, kí ipa ọ̀nà sì jẹ́ WIDE1-1,WIDE2-1, ìyẹn àṣẹ fún àwọn dìjípítà pé kí wọ́n tún ìró náà sọ lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹni tí ó bá kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fi ariwo dí ìkànnì tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò. Mo ń lo SmartBeaconing, èyí tí ń jẹ́ kí rédíò wo eré ọkọ̀ àti ibi tí ó ti yà. Bí mo bá ń sáré máìlì 60 ní wákàtí kan, a máa kéde ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Bí mo bá yà sí kọ̀rọ̀, a kéde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí mo bá dúró, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìkéde ni yóò dé. Kò sí ẹni tí ń dáhùn pé òun ti gbọ́, ní ìsàlẹ̀ àfonífojì sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣègbé, àmọ́ bí mo bá ti yọ sórí òkè tí ó kàn, àmì náà a tún fara hàn.

Ìwé àṣẹ ni kí ẹni tí yóò lò ó kọ́kọ́ gbà. Ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, ìdánwò Technician, ti ìpele àkọ́kọ́, ní ìbéèrè 35, ẹni tí ó bá gba 26 ti yege, dọ́là 35 ni àjọ FCC sì ń gbà. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ àjọ NCC ni ìwé àṣẹ wà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ sílé gbọ́dọ̀ wádìí bóyá dìjípítà wà ní àdúgbò tí ó ń lọ, nítorí láìsí i, kò sí bí ìròyìn yóò ṣe kọjá ibi tí rédíò fúnra rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sí nínú ìwé ìpolówó. Gbangba ni gbogbo ìkéde yìí wà. Òfin rédíò ham kò gbà kí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ àmì ìpè mi lè wá àdírẹ́sì mi nínú àkọsílẹ̀ FCC. Ẹni tí ń wá ohun tí yóò máa ṣọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ olè tàbí ajínigbé, kí ó má ra èyí, nítorí pé olè náà lè wo àwòrán kan náà. Nínú ilé mi, a ti fẹnu kò sí ohun tí a ń ṣe. N kì í jẹ́ kí ìkéde náà bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ní ilé epo tí ó wà ní ìkángun àdúgbò wa ni mo ti ń pa á, ìyàwó mi sì mọ̀ pé bí ọkọ̀ orí àwòrán náà bá ti dúró níbẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kí n tó kan ilẹ̀kùn.