Ọkọ̀ kan ń sáré, ọkọ̀ mẹ́fà ń wọ́: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìkòròdú

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo gbé kọ̀ǹpútà mi padà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, mo sì gbé e ka orí káńtà wọn tìbínútìbínú. Mo ti ṣàlàyé fún ọ̀gá ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá kó ọkọ̀ mẹ́fà sójú títì nínú géèmù ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní BeamNG.drive kí wọ́n lè kọlu ara wọn, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, graphics card yín, káàdì tó ń ya àwòrán, ló ti gbó," ó sì gba 160,000 náírà lọ́wọ́ mi fún GTX 1660 Super àlòkù.

Kí n má parọ́, káàdì náà dára. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, ara rẹ̀ ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́fà kò yí ìwà padà rárá. Ọ̀gá náà kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀ tó fi sọ pé kí n lọ dín àwòrán kù, àfi bí ẹni pé torí kí n lè dín in kù ni mo ṣe sanwó! Nígbà tí mo béèrè owó mi, ó nawọ́ sí ìwé ara ògiri: "Ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà."

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló kúnlẹ̀ kí mi, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó ṣí Task Manager, ojú ewé tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó lára kọ̀ǹpútà hàn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù náà, ó ń fi ọkọ̀ kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa pé mẹ́fà, processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti kan 100%, káàdì kò sì kọjá 35%. Ó ṣàlàyé pé processor ló ń ṣírò bí irin ṣe ń tẹ̀, ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń fẹ́ core (apá tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú processor) tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ core 4 péré ló wà nínú processor mi, Core i5-3470. Káàdì kàn ń ya ohun tí wọ́n bá ti ṣírò fún un ni. Mo fi PhysX, ètò tó lè jẹ́ kí káàdì ṣírò bí nǹkan ṣe ń rìn nínú géèmù, tí ilé-iṣẹ́ Nvidia tó ń ṣe káàdì rà pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Ageia ní 2008, jà á níyàn, torí mo mọ̀ pé káàdì ló ń fẹ́ èéfín inú géèmù Batman: Arkham Asylum. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní géèmù tí wọ́n bá kọ ọ́ sí nìkan ló ń lò ó.

Ó fi Core i7-3770 àlòkù sí i, processor tí core rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi sùúrù nu paste àtijọ́ (ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lára processor) tó ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná kúrò. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò kùn. Ọkọ̀ mẹ́fà ti ń rìn báyìí. Ọ̀gá rẹ̀ sì tún gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi! Mi ò ní ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn mọ́.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5, nítorí ọmọbìnrin náà ni.