Tírélà Kékeré Onípákó fún Ọ̀nà Eléyanrìn: Àgbéyẹ̀wò Ẹni Tó Ń Fà Á Láti Èkó

Tírélà onítáyà méjì tí jíìpù tàbí Hilux ń fà, tí èèyàn méjì lè sùn sínú rẹ̀, tí wọ́n sì lè dáná lẹ́yìn rẹ̀, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èyí tí mò ń lò jẹ́ àpótí plywood lórí férémù irin. Wẹ́dà kan ní Mushin ló jó irin rẹ̀, kápẹ́ńtà ló kan òkè rẹ̀. Gígùn àpótí náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, ìbú rẹ̀ 4, gíga rẹ̀ 4. Kò ní balùwẹ̀, kò ní AC, kò sì yẹ kó ní. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí: abẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí owó lọ, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ irú rẹ̀ l'Ékòó ló ń kó owó lé kọ́bọ́ọ̀dù àti iná aláràbarà, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́ríǹgì ló máa dá wọn dúró sójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lóru.

Ìdí tí mo fi mú 8 sí 4 ni pé bí wọ́n ṣe ń ta plywood nìyẹn, mátírẹ́ẹ̀sì 6 sí 4 tí gbogbo ọjà ń tà sì wọ inú rẹ̀ gẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 2 tó kù lẹ́yìn ni ti ìdáná. Pákó márùn-ún ló gbà: ọ̀kan tó nípọn tó 18 mm fún ilẹ̀, mẹ́rin tó jẹ́ 12 mm fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òrùlé, àti iwájú òun ẹ̀yìn. Marine board ni kí ẹ béèrè, àmọ́ ẹ má gba orúkọ lásán. Ẹ ní kí wọ́n gé pélébé kan fún yín, kí ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún wákàtí kan. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣí kúrò lára ara wọn, gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kì í ṣe ti omi, òjò oṣù kẹfà kan péré ló máa tú u ká.

Férémù jẹ́ páípù onígun mẹ́rin, ínṣì 2 sí 2, tí ara rẹ̀ nípọn tó 3 mm. Nǹkan bí mítà 15 ló máa gbà pẹ̀lú ọwọ́ ìfà rẹ̀, ìyẹn páípù odidi mẹ́ta. Owódé Onírin ni mo máa ń rán èèyàn lọ. Kí ẹ mú caliper, irin tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, dání, torí páípù tí wọ́n pè ní 3 mm lè jẹ́ 2.5, ó tilẹ̀ lè jẹ́ 2, ojú kò sì lè dá a mọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, òfìfo rẹ̀ á wà ní nǹkan bí kílò 400. Tí ẹ bá di ẹrù sí i, ẹ gbìyànjú kó má kọjá 600. Ní Yúróòpù, 750 ni òpin tí wọ́n fún tírélà tí kò ní bíréèkì tirẹ̀. Kò sí ìdí tí èyí tó kéré báyìí fi yẹ kó súnmọ́ iye yẹn rárá.

Ó wá kan axle, irin gbọọrọ tó so táyà méjèèjì pọ̀. Ẹ lè ra odidi axle tòkunbọ̀ tó ti ní họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ń de rímù mọ́) lára. Èyí tí wọ́n ń pè ní 3,500 pọ́n-ùn, tó lè gbé nǹkan bí kílò 1,588, sábà máa ń lo bẹ́ríǹgì L68149 nínú àti L44649 lóde. Èyí tó jẹ́ 2,000 pọ́n-ùn sábà máa ń lo L44649 nínú àti lóde. Ẹ ra ìpààrọ̀ kan pẹ̀lú síìlì rẹ̀, kí ẹ fi sínú ọ̀rá, kó máa gbé inú tírélà náà títí lọ. Ẹ lè rí irú bẹ́ríǹgì bẹ́ẹ̀ ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀, ṣùgbọ́n Ládípọ̀ kò sí ní etí òkun Eléko ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Ọ̀nà kejì ni pé kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, gé spindle, ìyẹn irin róbótó tí họ́ọ̀bù máa ń yí lórí rẹ̀, kí wẹ́dà jó o mọ́ páípù, kí wọ́n wá fi họ́ọ̀bù Toyota sí i. Owó rẹ̀ dín, ó sì lè dára gan-an bí ọwọ́ tó ṣe é bá mọ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ooru jíjó irin máa ń fa spindle wọ́. Ojú kò ní rí i, táyà ló máa rí i. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ gbé e sórí jáàkì, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín táyà méjèèjì, kí ẹ fi tépù wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì níwájú, kí ẹ yí táyà náà kí ìlà yẹn bọ́ sí ẹ̀yìn, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ìyàtọ̀ bá ju 3 mm lọ, ẹ dá a padà fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí họ́ọ̀bù náà jẹ́ onínọ́ọ̀tì mẹ́fà, tí ìbú òbìrí nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ 139.7 mm, tí ọkọ̀ tó ń fà á bá jẹ́ Hilux, 4Runner tàbí Prado. Nípa bẹ́ẹ̀, rímù kan náà ló wọ ọkọ̀ àti tírélà, ìpààrọ̀ táyà méjì ló sì wà fún táyà mẹ́fà. Bí ẹ bá lo táyà 265/70R16, ẹ fi ínṣì 2 sílẹ̀ láàárín táyà àti ara àpótí. Tí ó bá dín sí bẹ́ẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á máa ha pákó. Àárín táyà kan sí àárín ìkejì á wá jẹ́ nǹkan bí mítà 1.6, tó súnmọ́ ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì nínú iyanrìn, torí ipa tí táyà ọkọ̀ ti tẹ̀ ni táyà tírélà máa ń tọ̀. Bí ìbú wọn bá yàtọ̀ jìnnà, ṣe ni tírélà ń la ọ̀nà tuntun fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára táyà tòkunbọ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn Hilux ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà máa ń fi sí i. Ó lágbára jù. Wọ́n ṣe é fún ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù kan. Lábẹ́ kílò 600 kò ní tẹ̀, tírélà á máa fò ní gbogbo gọ́tà, ẹyin inú kúlà á fọ́, skúrù á máa tú. Ẹ yọ lára ewé rẹ̀, kó ku mẹ́ta, kí èyí tó gùn jù tó ní ihò wà lára wọn.

Bẹ́ríǹgì fúnra rẹ̀ kò le láti tọ́jú. Ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ bí ẹ ti ń yí táyà, kí ẹ tú u díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ lásán fún un padà, kí ẹ wá fi pín sí i. Ẹ wa ọkọ̀ fún bí 20 km, kí ẹ dúró, kí ẹ fi ọwọ́ kan họ́ọ̀bù. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, ẹ ti fún un jù tàbí gíríísì kò tó. Bí omi òkun, tàbí àgbàrá àwọn àdúgbò kan ní Lẹ́kí, bá mu họ́ọ̀bù, ẹ tú u láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ fọ gíríísì àtijọ́ kúrò. Họ́ọ̀bù tó ti gbóná máa ń fa omi sínú bó bá rì sínú omi tútù lójijì, iyọ̀ ló sì ń jẹ bẹ́ríǹgì láti inú wá.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́ọ̀lù ìfà, irin roboto ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹnu ìfà tírélà máa ń há mọ́. Tòkunbọ̀ Yúróòpù ń lo 50 mm, ti Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jẹ́ ínṣì 2, ìyẹn 50.8 mm. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu onímílímítà 50 kì í jókòó dáadáa lórí bọ́ọ̀lù ínṣì 2, ó lè dà bíi pé ó ti há nígbà tí kò tíì há. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára méjèèjì. Ṣéènì méjì ni kí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú, kí wọ́n lè gbé ọwọ́ ìfà bí ó bá yọ.

Ìwúwo tó ń tẹ bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo tírélà. Fún kílò 600, ìyẹn jẹ́ 60 sí 90. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara nílé tó fún un: ẹ gbé igi sórí rẹ̀, kí ẹ sọ ẹnu ìfà kalẹ̀ sórí igi náà ní gíga tó máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀. Bó bá fúyẹ́ jù, tírélà á máa jù sọ́tùn-ún jù sósì bí ẹ bá ti kọjá 80 lórí Third Mainland Bridge. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì, oníLítà 25 kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kílò 50: iwájú axle ni àyè wọn, kì í ṣe inú ìdáná lẹ́yìn.

Iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun kò mọ ẹni tó sanwó púpọ̀. Inú páípù ni irin ti ń dógùn-ún, níbi tí ọ̀dà kò dé. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n ri gbogbo férémù sínú zinc gbígbóná lẹ́yìn tí wẹ́dà bá ti parí, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ lu ihò sí gbogbo páípù, torí páípù tó dí pa lè bú gbàù nínú zinc tó wà ní 450 °C. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ha gbogbo ojú jíjó mọ́ dáadáa, kí ẹ kùn ún ní red oxide, kí ẹ kun ọ̀dà lé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì lu ihò ìsàlẹ̀ tí omi máa gbà jáde. Skúrù stainless ni kí kápẹ́ńtà lò.

Afẹ́fẹ́ ló kàn. Àpótí tó dí l'Ékòó lóṣù kẹta kò ṣeé sùn, kódà lóru. Fèrèsé méjì tó dojú kọ ara wọn ni ó kéré jù, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà nínú, kí gíláàsì wà lóde, kí ẹ lè ṣí i sílẹ̀ nígbà òjò. Ihò òrùlé ínṣì 14 sí 14, pẹ̀lú fáànù 12V tó ń fa ooru jáde, ṣe ju fáànù méjì inú ilé lọ. Ẹ fi fóòmù funfun oní-25 mm sáàárín plywood òrùlé àti páànù àlúmíníọ́mù, kí ẹ kun páànù náà ní funfun. Ẹ má tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sórí pákó lásán; èémí àti òógùn á gbára jọ sábẹ́ rẹ̀, ó sì máa bu. Ẹ kan igi pẹlẹbẹ tó gbé e sókè ní ínṣì kan.

Ní ti iná, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ná owó ní Àlábà. Fíríìjì 12V oníLítà 40 ń jẹ nǹkan bí wáàtì 45 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, nínú ooru wa ó sì máa ń ṣiṣẹ́ tó ìdajì ọjọ́: ìyẹn bí 540 Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí). Fáànù wáàtì 20 fún wákàtí 8 jẹ́ 160. Ìmọ́lẹ̀ àti fóònù, 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 750. Bátìrì lithium 100 Ah jẹ́ 1,280 Wh, ẹ sì lè lo ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nítorí náà ó tó ọjọ́ kan àtààbọ̀ láìsí oòrùn. Bátìrì asíìdì kì í fẹ́ kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Sólà wáàtì 200 á fún yín ní bí 600 lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú oṣù kẹfà àti keje, ẹ má retí ju ìdajì ìyẹn. Bátìrì lithium 100 Ah tó jẹ́ òótọ́ máa ń wúwo tó kílò 10 sí 13. Tí ẹ bá gbé e tó fúyẹ́ bí kílò 6, ẹ gbé e padà fún wọn.

Ẹ sọ fún réwáyà yín pé fíúùsì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹnu bátìrì, kó má ju ínṣì 7 lọ, kí wáyà fíríìjì sì jẹ́ 6 mm². Wáyà tín-ín-rín ló ń mú kí fíríìjì kú nígbà tí bátìrì ṣì kún. Kí iná ẹ̀yìn tírélà ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bí wọ́n bá so ó mọ́ férémù, ìpáàrà máa pa á láìpẹ́. Bí iná tí ọkọ̀ yín fi ń júwe ìyànà bá jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò tó dá dúró kúrò lára pupa bíréèkì, tí tírélà sì jẹ́ onípín mẹ́rin ti Amẹ́ríkà, ẹ nílò converter, ẹ̀rọ kékeré tó ń pa iná méjèèjì pọ̀ sórí wáyà kan, láàárín wọn.

Jẹnẹrétọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀ nígbà tí èèyàn ń sùn, ì báà jẹ́ kékeré. Èéfín rẹ̀ kì í rùn tó láti jí yín. Sílíńdà gáàsì kílò 3 ní tirẹ̀ ń fẹ́ àpótí tó ní ihò nísàlẹ̀, torí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń gbá jọ sí.

Etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni omi máa kọ́kọ́ gbà wọlé. Ẹ lo sealant polyurethane níbẹ̀, silicone máa ń ṣí, ọ̀dà kì í sì mú un.

Ní etíkun, ẹ dín afẹ́fẹ́ gbogbo táyà kù sí 18 tàbí 20 psi, ti tírélà pẹ̀lú. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn, wọ́n á wá rò pé ọkọ̀ ni kò lágbára. Ẹ gbé pọ́ǹpù 12V dání láti fi dá a padà kí ẹ tó bọ́ sórí títì ọlọ́dà. Nínú ìlú, tírélà yìí kò hàn nínú gíláàsì ẹ̀gbẹ́, àwọn dáńfó sì máa ń já wọ àlàfo tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pá méjì tó ní àsíá pupa ní igun ẹ̀yìn rẹ̀ yanjú apá kìíní. Fún apá kejì, ẹ rọra máa lọ.

Ìdílé ọlọ́mọ mẹ́ta kò lè lò ó láìfi àgọ́ kún un. Fún èèyàn méjì tó ń lọ sí Àgbádárìgì tàbí Eléko, mi ò mọ ohun tó dára jù ú lọ ní iye owó rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí ẹlòmíì ti lò, ẹ mú jáàkì, tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré dání. Ẹ gbé táyà sókè, kí ẹ mì í láti òkè àti ìsàlẹ̀. Bó bá ń ró kọ̀kọ̀, bẹ́ríǹgì ni. Ẹ tẹ igun ilẹ̀ pákó lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, bóyá ó ti rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fi òòlù kan férémù díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Níbi tí ìró rẹ̀ bá ti yí padà tí ẹ̀tù pupa sì ń dà sílẹ̀, inú páípù yẹn ti jẹ tán, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dínwó kankan mú yín gbà á.